Àtàǹpàkò Ìyá Mi àti Tòmátò Yunifásítì

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní yunifásítì kí n tó mọ̀ pé tòmátò ni wọ́n fẹ́ fi yọ mí jáde. Ìyá mi, tó ti ń ta tòmátò lẹ́bàá Gáréèjì Ìkòròdú láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ọdún 2005 ni, nígbà tí ẹni tó bá ní fóònù lọ́jà ṣì máa ń fi okùn gbé e kọ́rùn. Mo sọ fún un pé wọ́n ti fún mi ní iṣẹ́ àṣekágbá, ìyẹn ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí, àti pé àyípadà tó ń dé bá ẹ́nsáìmù inú tòmátò nígbà tó bá ń pọ́n ni wọ́n ní kí n wádìí.

"Tòmátò wo?" ó bi mí.

"Tòmátò náà ni, Màmi."

"Èyí tí mò ń tà yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. "Èyí tí mo ní kí o lọ sílé-ìwé torí kí o má bàa wá tà á, òun náà ni wọ́n tún kó lé ẹ lọ́wọ́?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ìsọ̀ tó yí wa ká ti gbọ́. Ìyá tó ń ta ata rodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọjà rẹ̀ lọ, ní kí n jọ̀wọ́, tí mo bá parí ti tòmátò, kí n bá òun wádìí ìdí tí rodo fi ń ta ọwọ́ òun tí kì í ta ọwọ́ àwọn tó ń ná an láìrà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi tí inú mi máa ń tètè gbóná, mo pinnu pé màá là wọ́n lóye.

Mo kó àlàyé sílẹ̀ fún ìyá mi. Mo ní tòmátò tó ṣì wà ní àwọ̀ ewé máa ń le nítorí pé àwọn yàrá tíntìntín ló wà nínú ara rẹ̀, tí ohun kan sì lẹ̀ wọ́n mọ́ra wọn. Tí àkókò bá tó, èso náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ohun tí a ń pè ní ẹ́nsáìmù, iṣẹ́ ẹ́nsáìmù yìí sì ni kí ó máa tú ohun tó lẹ̀ wọ́n mọ́ra yẹn díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń tú u ni tòmátò ń rọ̀. Àwọn ẹ́nsáìmù mìíràn wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọ̀ rẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ ti adùn, kálukú ló ní àkókò tirẹ̀. Mo tún ní atẹ́gùn kan máa ń jáde lára èyí tó ti ń pọ́n, tí yóò mú kí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

"Ìyẹn ni mo ṣe máa ń fi ẹyọ kan tó ti pọ́n sáàárín àwọn tí ò tíì pọ́n, tí mo máa ń da àpò bò wọ́n," ìyá mi wí. "Ṣé nǹkan tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ látijọ́ yìí nìyẹn?"

Mo ní ó ju ìyẹn lọ. N kò lè sọ bó ṣe jù ú lọ, mo bá dìde, mo ní mo fẹ́ lọ ra káàdì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ìyá mi ń jí ní ìdájí láti lọ gbé tòmátò ní ọjà Mile 12, orúnkún rẹ̀ sì ti ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn fún ọdún bíi mẹ́ta. Tó bá dé, á jókòó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á máa fi òróró gbígbóná pa wọ́n. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé owó ilé-ìwé mi ló ń gbé òun jáde ní ìdájí, àti pé ọjọ́ tí mo bá jáde yunifásítì ni òun náà máa jáde ní Mile 12. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀nba èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ bá já sí ẹnu ìsọ̀ nìkan ni òun máa tà. Ó ti mú oṣù tí mo máa jáde, ó ti mọ̀ ọ́n sórí.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi sì ti mú oṣù tirẹ̀. Ó fẹ́ rin ìrìnàjò lọ sí òkè òkun, ó sì sọ fún wa kedere pé ẹni tí kò bá kó èsì ìwádìí rẹ̀ wá ní ọjọ́ Ẹtì kan báyìí, kí ó lọ fọkàn balẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún kan sí i fún mi, ọdún kan sí i fún orúnkún ìyá mi nìyẹn. Àwa méjèèjì la mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò sì máa ń sọ ọ́.

Bí olùkọ́ mi ṣe fẹ́ kí iṣẹ́ náà rí nìyí. Mo gbọ́dọ̀ rí tòmátò tí wọ́n já nígbà tó ṣì wà ní àwọ̀ ewé, kí n mọ ọjọ́ tí wọ́n já a, kí n sì ní oríṣi márùn-ún tí ọjọ́ wọn yàtọ̀ síra, láti orí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já títí dé orí èyí tó ti lo ọjọ́ méjìlá nílẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni màá lọ gbogbo wọn, tí màá sì wo iye ẹ́nsáìmù tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tòmátò Mile 12 kò wúlò fún èyí nítorí pé ó máa ń ti rin ọ̀nà jíjìn, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó kúrò lóko. Mo rí àgbẹ̀ kan ní Ìjẹ̀dẹ́ tó gbin tòmátò díẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, níbi tí a ti ń rí ọ̀sà lọ́ọ̀ọ́kán. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń wọkọ̀ lọ bá a, á já méjìlá fún mi, màá sì gbé wọn sórí itan mi padà sílé, n kò ní jẹ́ kí kọ̀ńdọ́kítọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo lọ. Mo fi bírò kọ nọ́ńbà sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ookan fún àwọn tí mo kọ́kọ́ gbé wá, eéjì fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn, títí dé orí aárùn-ún. Mo tò wọ́n sínú tíréè márùn-ún lábẹ́ fèrèsé nínú yàrá tí a háyà. Mo sì kéde fún ìyá mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní òun gbọ́. Mo gbà pé ó gbọ́ lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbọ́.

Ó yẹ kí n sọ nípa ọwọ́ yẹn. Àwọn tó ń ta tòmátò ní ìwà kan tí wọn kì í fi sílẹ̀ sọ́jà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan, wọ́n á mú aṣọ tútù, wọ́n á nu tòmátò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi máa dán. Wọ́n á to èyí tó le sísàlẹ̀, èyí tó pupa tó fani mọ́ra á wà lókè, wọ́n á sì ṣa èyí tó ti rọ̀ sọ́tọ̀ kó má bàa ba àwọn yòókù jẹ́. Ìyá mi kò lè rí tòmátò tó dọ̀tí kó gbójú kúrò. Ó ti lọ síbi ìkómọjáde rí, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ni a ti lọ wá a rí, tó ń nu tòmátò àwọn alásè tí kò mọ̀ rí, tó sì ń bá wọn wí nípa bí wọ́n ṣe kó wọn jọ.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo lọ sí ilé-ìwé wa ní Ẹ̀pẹ́ láti lọ bẹ àwọn ará láàbù kí wọ́n jẹ́ kí n lo ẹ̀rọ wọn lọ́jọ́ kejì. Ó tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí n tó padà dé Ìkòròdú. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí i pé àwọn tòmátò mi ń dán. Wọn kò sí nínú tíréè márùn-ún mọ́. Inú tíréè ńlá kan ni wọ́n wà, wọ́n gun ara wọn lórí bí ìgbà tí wọ́n ń dúró de oníbàárà, àwọn tó pupa lókè, àwọn aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Ìyá mi jókòó tì wọ́n, aṣọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀.

"Mo ti bá ẹ tún wọn ṣe," ó wí. "Àwọn ọmọ onílé yìí ti fi bírò kọ ìkọkúkọ sí wọn lára. Ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́ kúrò."

Mo kúnlẹ̀, mo kà wọ́n. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni, dípò ọgọ́ta.

"Màmi, àwọn yòókù ńkọ́?"

"Èyí tó ti rọ̀? Wọ́n wà níbi ẹ̀rọ. Mo ti ní kí wọ́n bá mi lọ̀ wọ́n mọ́ rodo, a máa fi se ọbẹ̀ alẹ́."

N kò mọ ìgbà tí mo jáde. Ẹsẹ̀ kan ni mo fi wọ bàtà. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ata kò jìn sílé wa, ilé kẹrin ni, mo sì bá abọ́ ìyá mi ní ipò kejì lórí ìlà, àlùbọ́sà àti rodo jókòó lé iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí. Ẹni tó ń lọ ata ti nawọ́ sí i. Mo ki ọwọ́ bọ inú abọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tòmátò mi.

"Ṣé tìẹ ni?" obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn bi mí.

"Tèmi ni. Ti yunifásítì ni."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ara wọn, wọ́n sì fàyè sílẹ̀ fún mi jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń fàyè sílẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Mọ́kànlá ló kù, mo rí gbogbo wọn. Nígbà tí mo fi máa délé, mo ti fi ọwọ́ rodo nu ojú. Ẹkún tí mo ń sun kì í ṣe ti ata nìkan.

Mo sọ ọ̀rọ̀ sí ìyá mi lọ́jọ́ náà tí n kò ní tún sọ níbí. Èyí tí mo lè sọ ni pé mo bi í bóyá ó mọ nǹkan tí ó nù dànù. Mo ní ọdún kan ni. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n já ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ sí wọn lára, àti pé kò sí nǹkan tí mo lè gbé fún olùkọ́ mi mọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyá mi ká aṣọ tútù náà, ó sì tún un ká. Mo rí i tó fi ọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, n kò rò pé ó mọ̀ pé òun fi ọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó jókòó tì í. "Kó wọn wá."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ọ̀nà mélòó lo ní wọ́n jẹ́?"

"Márùn-ún."

"Kó wọn wá."

Ó mú ẹyọ kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ èjìká tòmátò náà, nítòsí ibi tó ti so mọ́ igi. Títẹ̀ náà kò tiẹ̀ tó títẹ̀. Díẹ̀ ló fi ju kíkí lọ. Ó gbé e sápá òsì. Ó mú òmíràn. "Eléyìí, àná tàbí ìjẹta." Ó mú òmíràn. "Eléyìí ti tó bí ọjọ́ mẹ́fà, àmọ́ abẹ́ ewé ló wà lóko, òòrùn ò rí i, ìdí nìyẹn tó fi ń lọ́ra. Má wo ojú ẹ̀." Kò wo ojú wọn lóòótọ́. Èmi ló ń wò, ó sì ń bi mí bóyá mo jẹun ní Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń pín wọn lọ sí ọ̀nà márùn-ún láìdúró. Ó pín àwọn kan tó pupa mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí àwọ̀ padà, ó ní ojú nìkan ni wọ́n fi pọ́n, inú wọn kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti pọ́n.

Kí n má purọ́, n kò gbà á gbọ́. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í gba nǹkan gbọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó jáde lọ gbé omi kaná, mo mú bírò, mo fi àmì kékeré tó ń sọ ọ̀nà tó pín in sí sí ìdí ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbi tí kò ti lè tètè rí i, mo sì da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra. Mo ní kó jọ̀wọ́, ọwọ́ mi ló dà wọ́n rú. Ó wò mí, ó tún jókòó. Nínú ọgọ́ta, méjì péré ló gbé síbi tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Mo nawọ́ sí àwọn méjèèjì.

"Àwọn wọ̀nyí ti kúrò níbi tí wọ́n wà," ó wí. "Láti ìgbà tí o ti ń jù wọ́n káàkiri láti lè dán mi wò, ṣé o rò pé wọn ò ní í mọ̀ ọ́n lára?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, tòmátò ìyá mi wà nínú àpò márùn-ún lórí itan mi. N kò kọ́kọ́ yà sílé-ìwé, Ọjà Olúwo ni mo lọ. Ìdí ni pé ẹ́nsáìmù kò fẹ́ ooru. Tí a bá ti lọ èso náà, inú yìnyín ni omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà títí a ó fi lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bàjẹ́. Iná mànàmáná kì í sábà sí ní láàbù wa, fíríìjì ibẹ̀ sì jẹ́ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó bàtà òjò wọn sí. Àwọn tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo ló ní yìnyín. Mo bá ìyá kan, mo ní mo fẹ́ rà díẹ̀ nínú èyí tó fi tọ́jú ẹja.

"Ẹja tìrẹ dà?" ó bi mí.

"Mi ò ní ẹja, mà. Tòmátò ni mo fẹ́ fi tọ́jú."

Ó wo àpò mi. Ó wo ojú mi. "Ọmọ mi, tòmátò kì í yára jẹrà tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Gbé e síbi tí atẹ́gùn wà."

Ó fún mi ní yìnyín náà, ó kọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe irú èyí. Àánú mi ló ṣe é.

Olùkọ́ mi wà ní láàbù nígbà tí mo dé. Ó jẹ́ ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ òórùn yìnyín mi, ó bi mí bóyá tòmátò ni mo gbé wá àbí ẹja ọ̀bọ̀kún. Mo rò ó pé ibẹ̀ náà ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Mo sọ fún un pé nọ́ńbà ara èso ti parẹ́, pé ẹnì kan tó mọ tòmátò dáadáa ti fi ọwọ́ pín wọn sí ìpele márùn-ún.

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní ìrírí."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kí n má kọ ọjọ́ mọ́, kí n kọ ìpele, kí n sì kọ ọ́ pé ẹni tó ní ìrírí ló pín wọn. "Tíúbù ló máa sọ bóyá ó mọ nǹkan kan," ó wí, ó nawọ́ sí àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí tábìlì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo lọ̀ wọ́n, mo sẹ́ wọn, mo gbé wọn sínú yìnyín, mo tan jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé fún ẹ̀rọ tó ń yí omi wọn pòyì. Lẹ́yìn náà ni mo da omi ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n yọ lára èèpo ọsàn, irú èyí tó so yàrá inú tòmátò pọ̀. Iṣẹ́ ẹ́nsáìmù ni kó tú u. Tí a bá fi oògùn kan sí i lẹ́yìn náà, bí ẹ́nsáìmù bá ṣe pọ̀ tó ni omi inú tíúbù yóò ṣe pọ́n tó. Mo to tíúbù márààrún mọ́ra, mo jókòó níwájú wọn, mo gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìkíní, ti àwọn tó le jù, kò yí padà. Ìkejì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ìkẹta pọ́n jù ú lọ, ìkẹrin sì pọ́n gan-an. Bí ìyá mi ṣe tò wọ́n sórí àpò gẹ́lẹ́ ni. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan, ẹni tó ń gbálẹ̀ láàbù sì yọjú wò mí. Àmọ́ ìkarùn-ún kò pọ́n tó ìkẹrin. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ló rí. Gbogbo ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú ni mo fi ń bá a jà nínú ọkàn mi, torí pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, n kò sì lè gbé èsì tí n kò lè ṣàlàyé lọ síwájú ọkùnrin yẹn.

Mo sọ fún ìyá mi nígbà tó ń pa orúnkún rẹ̀. N kò sọ fún un kó lè dáhùn, mo kàn ń ráhùn ni.

"Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?" ó wí. "Àwọn tó wà ní ìkarùn-ún ti ṣiṣẹ́ wọn tán. Wọ́n ti rọ̀. Kí ló kù tí wọ́n tún fẹ́ tú?"

Ó ní kí n bá òun gbé òróró yẹn súnmọ́ òun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gbé èsì mi síwájú olùkọ́ mi. Ó fi ìka sórí ìpele karùn-ún, ó ní kí ló dé tó fi lọ sílẹ̀. Mo na ẹ̀yìn mi, mo ní mo rò ó pé ẹ́nsáìmù náà ti ń parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpele yẹn, nítorí náà kò sídìí tí èso fi máa pèsè púpọ̀ sí i. Ó mi orí sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì. Kò mi orí fún mi rí. Ó ní mo ronú dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ronú dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan wá sọ nípa iṣẹ́ wa níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ilé-ìwé mìíràn, tó wá yẹ̀ wá wò. Àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n funfun ni, ohùn rẹ̀ tutù. Àwọn tí a jọ ń kàwé jókòó lẹ́yìn. Mo sọ tèmi láìkọsẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ìwé mi, ó ka ibì kan, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ta ni ẹni tó ní ìrírí yìí tó pín àwọn èso náà, àti níbo ló ti kẹ́kọ̀ọ́.

"Obìnrin kan tó ń ta tòmátò ní Ìkòròdú ni, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sórí Yorùbá. "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

Ìbéèrè náà kò le. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ṣì wà ní etí mi, mo sì ti sọ fún púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ pé ìyá mi ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì, mo jẹ́ kí kálukú fi ojú inú rẹ̀ wo irú bísínẹ́ẹ̀sì tó bá wù ú.

"Kọ́sítọ́mà wa ni, sà," mo wí.

Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. "Bá mi kí i," ó wí. "Ọwọ́ rẹ̀ dára."

Mo yege. Máàkì mi dára ju bí mo ṣe rò lọ. Mo sọ fún ìyá mi kí n tó bọ́ bàtà, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìbòrí bojú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́ kúrò, ó bi mí bóyá wọ́n béèrè ẹni tó pín tòmátò. Mo ní wọ́n béèrè.

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní obìnrin kan tó ń ta tòmátò ní Ìkòròdú ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n kí yín. Ó ní ọwọ́ yín dára."

Ó ń dúró de ìyókù. N kò ní ìyókù. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú sì tì mí débi pé n kò lè sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Ó ti pẹ́ báyìí, ojú náà kò tíì yé tì mí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìyá ẹ ni, wọ́n á ní mo bá ẹ ṣe é ni." Ó dìde lọ wo oúnjẹ lórí iná.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e lọ sọ́jà. Ó sọ fún gbogbo ìsọ̀ pé ó tán, pé òun kò lọ Mile 12 mọ́, ẹni tó bá fẹ́ àyè òun nínú ọkọ̀ kó lọ bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀. Ó sọ ìtàn tíúbù márùn-ún náà fún wọn, ó sọ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe kí òun. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá tó ń ta rodo ló bi í pé ṣé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni mí.

Ìyá mi ń nu tòmátò. Kò gbójú sókè, kò sì wò mí.

"Wọ́n mọ̀," ó wí. "Ó sọ fún wọn níwájú gbogbo èèyàn."

Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n ń yìn mí, wọ́n ní ọmọ tó mọ inú rò ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń kó àwọn apẹ̀rẹ̀ tó ṣófo sábẹ́ tábìlì.